Ìpínrọ̀ Tí Gbogbo Wa Fẹ́ Yọ

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta, ẹ̀rọ Riso kan tó ti gbó, ẹ̀rọ tí a fi ń di ìwé, àti jẹnẹrétọ̀ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iná rẹ̀ lọ. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì ni mo fi ń jẹun, ìwé ìpè ìyàwó àti ti fídáù ni mo fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀wé fún ará ìlú kì í sábà ka ohun tó ń tẹ̀. Ojú á rí ọ̀rọ̀, ìka á tẹ̀ ẹ́, ọkàn á wà níbi owó. Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìwé ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpínrọ̀ kan nínú ìwé náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, torí pé èmi nìkan ni mo mọ gbogbo ibi tí ìpínrọ̀ ọ̀hún gbà kọjá.

N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Kọ́múrèèdì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà mi, tó rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn.

Ọmọ Ọ̀fà ni. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ reluwé títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ń wọlé bí òjò inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá rẹ̀ ń ta ìrẹsì. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ₦65 sí ₦141 lójijì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni. Ó ní ìyá òun dé ibi tó ti ń ra ọjà, ó ṣírò owó ọkọ̀, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òun náà bá wọn jáde sí títì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyanṣẹ́lódì yẹn gbà. Nígbà tí ìjọba ní ó ti di ₦97, àwọn èèyàn jó lọ sílé.

“Anti, ₦97 kì í ṣe ₦65,” ni Kọ́múrèèdì máa ń wí fún mi tó bá ti rántí rẹ̀. “A sì jó.”

Mo rò pé ìgbà yẹn ló ti ń wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ijó bá parí.

Ìgbà tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ ọdún kìíní ni ní ẹ̀ka ìtàn, ìwé àlẹ̀mógiri nípa omi tí kò sí ní ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé wá. Kò lówó. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ ní àwìn, ₦1,800, ẹ̀ẹ̀meje ló fi san án, ó sì ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé kan ní gbogbo ìgbà tó bá mú ₦200 tàbí ₦300 wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pariwo ẹ̀tọ́ ni mo ti bá ṣòwò, wọn kì í rántí ti ẹni tó bá wọn tẹ ìwé ẹ̀tọ́ ọ̀hún. Èyí rántí.

Nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn ń tọ́jú fọ́tò olólùfẹ́ sí, fọ́tò Walter Rodney ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé àlùfáà kan ni, nítorí irùngbọ̀n. Òpìtàn ọmọ Guyana ni Rodney, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní London nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 24, ó kọ́ni ní Dar es Salaam, ó sì kọ́ni ní Jàmáíkà títí ìjọba ibẹ̀ fi dá a padà lẹ́nu ibodè lóṣù kẹwàá ọdún 1968, torí pé ó máa ń kúrò nínú ọgbà yunifásítì lọ jókòó ti àwọn mẹ̀kúnnù, tí á máa sọ ìtàn Áfíríkà fún wọn. Ó padà sílé ní 1974, wọ́n gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1980, àdó olóró tí wọ́n fi pamọ́ sínú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ pa á nínú mọ́tò ní Georgetown, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún 38 ni. Gbogbo èyí ni Kọ́múrèèdì sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò síná, tí a jọ ń dúró de NẸ́PÀ. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ìgbésí ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe fún. Ó ní, “Anti, kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo fẹ́.”

Bó ṣe máa ń ronú, ẹ jẹ́ kí n fi èyí hàn yín. Gbogbo wa ni a mọ oríkì Ìlọrin: ìlú tóbi tó báyìí, kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ ìyàwó kan ní Òkè-Súnà, alágbe ń ki ìlú, gbogbo èèyàn ń mi orí. Kọ́múrèèdì tẹ́nu mọ́ mi létí: “Ta ló ni ẹṣin? Ta ló ń já koríko fún un?” Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ oríkì yẹn gbádùn mọ́. Ìbéèrè tí kò wúlò fún ayẹyẹ kankan ni, òun gan-an ló sì fi ṣe ìwé máásítà rẹ̀.

Ẹgbẹ́ Tálákà Parapọ̀ ni ìwé náà dá lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin òde òní ni kò gbọ́ ọ rí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, kí Nàìjíríà tó gbòmìnira, àwọn oníṣòwò, àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú yìí kó ara wọn jọ, wọ́n ní owó orí pọ̀ jù, wọ́n ní ẹjọ́ ìlú wà lọ́wọ́ ilé ńláńlá nìkan, mẹ̀kúnnù kò lẹ́nu nínú rẹ̀. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Hausa, tálákà, wọ́n so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, parapọ̀. Orúkọ yẹn nìkan ti sọ irú ìlú tí Ìlọrin jẹ́ fún yín. Wọ́n bá ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group ti Awólọ́wọ̀, dọ́wọ̀ọ́ pọ̀, wọ́n sì fi ìbò gba ìgbìmọ̀ ìlú mọ́ NPC lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó di gbogbo Àríwá mú. Ẹni tó bá mọ Àríwá ìgbà náà á mọ̀ pé ohun ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín 1956 sí 1958 ni gbogbo rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ tán. Ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká láti Kàdúnà. Àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gbé Ìlọrin lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn gbé ẹjọ́ wọn dé iwájú ìgbìmọ̀ Willink tí òyìnbó yàn ní 1957. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1958, ààlà kò sún.

Nítorí ààlà tí kò sún yìí, Kàdúnà ni ìwé ìtàn Ìlọrin wà títí dòní, kì í ṣe Ìbàdàn. Kọ́múrèèdì ní láti lọ ibẹ̀ ní 2018. Àwọn ajínigbé ti gba títì Abuja sí Kàdúnà, ló bá wọ ọkọ̀ dé Abuja, ó wọ reluwé ní Idu, ó sọ̀ ní Rigasa, ó sì fẹsẹ̀ wá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Ó ní búrẹ́dì àti omi ni òun ń jẹ kí owó tó kù lè tó fún ẹ̀dà ìwé. Fáìlì tí wọ́n kọ Ilorprof sí lára ni wọ́n ń gbé fún un, ìwé àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn Ìlọrin. Nígbà tó dé, ó rù, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

“Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ò sí níbẹ̀,” ló wí. “Ohun tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn kọ nípa wọn ló wà níbẹ̀. Mo ní láti wá àgbàlagbà.”

Mo ṣe àṣìṣe, mo ní, “Ìyá mi wà láyé. Pákátà ni agbo ilé wa. Ó máa mọ nǹkan kan.”

Màá padà sórí èyí.

Kí n má gbàgbé Ọ̀fà, kó má lọ dà bíi pé Ìlọrin nìkan ló ń dá a lórí rú. Odidi orí kan nínú ìwé rẹ̀ ló fún J. S. Ọláwoyin, ọmọ Ọ̀fà, aṣáájú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tó jókòó nílé aṣòfin Àríwá. Ní 1958, ìjọba Àríwá ṣe òfin kan tó ní ọmọdé kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí òṣèlú. Ọláwoyin gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní òṣèlú. Ní 1961 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lóhùn pé òfin yẹn kò tíì pa á lára, torí náà kò lẹ́nu ẹjọ́. Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ṣì ń há orúkọ rẹ̀ sórí títí di báyìí. Kọ́múrèèdì sọ ọ́ sí èdè ọjà: “Wọ́n ní kí bàbá lọ jókòó, tí wọ́n bá ti mú ọmọ rẹ̀ tán, kó wá pariwo.” Ó tún fi ọdún méjì kan kora wọn, tí n kò rò ó rí. Ní 1958 wọ́n fi òfin lé ọmọdé kúrò nínú òṣèlú. Láti 2009 wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, kò sí ẹni tó lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba máa fi ní kí wọ́n dá a padà ní 2018, odidi ìran kan ti jáde tí wọn kò gbọ́ orúkọ bàbá ara wọn nínú ìwé kankan.

Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló dìbò ní 2019. Gbogbo Kwara ló rántí ọdún yẹn. Ìdílé Saraki ti ń darí òṣèlú ibí yìí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá kú ní 2012, ọmọ di gómìnà láti 2003 sí 2011, ó sì ń ṣe olórí ilé aṣòfin àgbà nígbà náà. Ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 2018, ẹgbẹ́ alátakò wọlé nínú àtúndì ìbò Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsìn àti Òkè-Ẹ̀rọ́ ní gúúsù Kwara, ọ̀rọ̀ bá di Ó tó gẹ́. Ó wà lẹ́nu ọlọ́kadà, ó wà lára fìlà, ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ ọ́ lórin. Kọ́múrèèdì wà láàárín wọn, tọkàntọkàn. Ìlú tó dákẹ́ ti fọhùn, ibo ni òpìtàn tó ń kọ nípa Tálákà Parapọ̀ ì bá tún wà?

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ìwé pélébé 5,000, ojú méjì, dúdú lórí funfun. Kọ́múrèèdì ló máa kọ ọ́. Wọ́n san ìdajì owó lójú ẹsẹ̀. Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, torí pé kì í ṣe bí olóṣèlú ṣe ń sanwó nìyẹn.

Ìwé náà dára. Àkọlé rẹ̀ ni “Àwọn Bàbá Yín Ti Ṣe É Rí.” Ó sọ bí wọ́n ṣe ń pàdé lóru, bí ẹgbẹ́ ṣe gba ìgbìmọ̀, bí ìlú ṣe gbóná. Níbi tó parí sí ló ti kọ ìpínrọ̀ tí mo ń sọ yìí. Mo lè kà á lórí:

“Ìgbìmọ̀ tí àwọn bàbá wa fi ìbò gbé dìde, Kàdúnà ló tú u ká, kò sì sí ohun tí wọ́n ti kọ́ sí àdúgbò tó lè dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbé gbogbo ẹrù fún ẹgbẹ́ òṣèlú rù. Nígbà tí ẹgbẹ́ wó, ẹrù fọ́. Ìwọ tí ò ń lọ dìbò, dìbò. Ṣùgbọ́n béèrè kí o tó padà sílé: bí a bá lé onílé jáde, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?”

Àwọn ọ̀dọ́ náà padà wá wo ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹni tó gbọ́n jù nínú wọn kà á dé ibẹ̀, ó sì fi èékánná fa ìlà sí i. Ó ní, “Anti, ẹ bá wa yọ èyí. Ìtàn nìyí, àwa ń polongo. A kò lè máa sọ fún èèyàn pé kó jáde, ká tún máa sọ fún un pé àwọn tó jáde lánàá jìyà.” Mo pe Kọ́múrèèdì lórí fóònù. Ó ní kí n má yọ ọ́. Mo ní kí wọ́n jọ sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, káàdì rẹ̀ tán, wọn kò fẹnu kò.

Owó wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo yọ ọ́.

N kò ní í ṣàwáwí. Mo ní ọmọ méjì nílé ìwé, owó ìdá kejì ṣì kù níta, ọmọ tó kọ ọ̀rọ̀ kò san kọ́bọ̀. Riso ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí Kọ́múrèèdì dé ní òwúrọ̀, ó mú ọ̀kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún yí i padà. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà ṣáà ni, ìjàkadì lorò wọn. Kò jà. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ Anti,” ó sì bá wọn gbé páálí sínú ọkọ̀.

Ìbò yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù kejì. Òru mọ́jú ọjọ́ náà ni àjọ elétò ìdìbò sún un di ọjọ́ 23. Gbogbo èèyàn bínú, Kọ́múrèèdì nìkan ló dé ọ̀dọ̀ mi tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ₦4,000 lé tábìlì. Ìpínrọ̀ yẹn nìkan ló fẹ́, lórí ìwé tínńtín, mẹ́rin-mẹ́rin lójú ewé. Mo tẹ 600 fún un, mo fi àádọ́ta lé e, mo sì dá ₦1,500 padà nínú owó náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń lọ sí Ọjà-Ọba, Ìpàta àti ibùdókọ̀ Gẹ̀rí-Àlímì, ó ń bẹ àwọn tó ti gba ìwé àkọ́kọ́ pé kí wọ́n gba ìyókù rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta wàrà ló fi ọ̀kan di wàrà fún mi lẹ́yìn ìbò. Mo kà á kí n tó jẹun.

Ìbò wáyé, ẹ mọ bó ṣe rí. Àwọn tí wọ́n ń lé lọ, lọ. Kọ́múrèèdì jó lálẹ́ ọjọ́ náà ní Post Office, mo fi ojú mi rí i, ó jó ju àwọn tí wọ́n san owó ìwé pélébé lọ.

Oṣù kẹrin, ó gbé orí karùn-ún ìwé rẹ̀ fún ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Orí tó parí ìwé nìyẹn. Ìpínrọ̀ ọ̀hún ló fi kádìí rẹ̀, ó kàn yí “ìwọ tí ò ń lọ dìbò” padà sí ohùn àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Nígbà tó mú un padà wá fún àtúntẹ̀, báírò pupa ti la ìpínrọ̀ náà kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: “Ìpolongo nìyí, kì í ṣe ìtàn. Yọ ọ́.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo lọ sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣí ìwé pélébé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí karùn-ún, mo ní, “Wò ó. Àwọn olóṣèlú ní ìtàn ni. Ọ̀gá rẹ ní ìpolongo ni.” Ó wò ó títí. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí páálí ìwé, ó fọwọ́ lérán. Ó pẹ́ kó tó ní, “Nígbà náà, ibo ni mo wà?”

N kò ní èsì. Mo ní kó lọ jẹ ẹ̀kọ.

Ohun tó ṣe níkẹyìn ni pé ó gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà kéékèèké tí ọ̀gá rẹ̀ kò ní jìjàdù sí. Ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò ẹnu, ẹni tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn béèrè ìbéèrè mẹ́fà, mẹ́rin ló jẹ́ lórí àwọn lẹ́tà kéékèèké yẹn.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti dé. Ìjọba tuntun gba ipò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún; kò pé oṣù méjì, ẹnì kan rán ẹnì kan sí Kọ́múrèèdì pé àyè olùrànlọ́wọ́ wà fún irú rẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé kọ. Ó ní òun dúpẹ́. Bí òwe lọ́rọ̀ náà rí lẹ́nu rẹ̀: kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò láti Ọ̀fà, kò lọ sílé ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde.

“Alhaja, ọ̀rọ̀ yín ló máa ń gbọ́,” ló wí. “Ẹ bá mi bi í, kí ni tálákà tó ń jà fún ṣe fún un? Bàbá rẹ̀ ń gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣù tó bá wù wọ́n. Èmi ni mò ń ra oògùn rẹ̀. Ọmọ tí mo fi ìrẹsì tọ́, ó ní òun máa ronú.”

“Mama, ẹ jẹ́ ká pè é.”

Ó wọlé, ó rí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó kún fún ìdọ̀tí ìwé. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún un pé kó dìde. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Kọ́múrèèdì wà nílẹ̀ ń gbọ́.

“Màámi, ẹ ṣàánú mi,” ló wí. “Bí mo bá wọbẹ̀, ta ni á máa bi wọ́n léèrè kọ́kọ́rọ́?”

“Kọ́kọ́rọ́ wo?”

Kò dáhùn. Èmi ni mo mọ kọ́kọ́rọ́ tó ń sọ, n kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá tó ń ra oògùn. Títí di òní, n kò mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí ara bá yá mi, màá ní ọmọ ni. Ọjọ́ tí mo bá ń san owó ilé ìwé, màá ní ìyá ni.

Kò gba iṣẹ́ náà. Ó lọ ń kọ́ni ní ìtàn nílé ìwé aládàáni kan, ₦18,000 lóṣù, lọ́dún tí ìjọba fọwọ́ sí ₦30,000 pé òun ni owó oṣù tó kéré jù. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí àpẹẹrẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá mi.

Ọ̀sán Sátidé kan ní 2018 ni mo mú Kọ́múrèèdì lọ sí Pákátà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí n lè lọ sọ́jà. Nígbà tí mo dé, ìyá mi ń sunkún, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, bí ẹni tí kò lè dá omi dúró. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó ti wọ́pọ̀ kí àgbà sunkún bí wọ́n bá ń rántí àárọ̀ wọn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, lójú iṣẹ́, orí kẹta ni mò ń tẹ̀, mo dé gbólóhùn yìí:

“Dógarì kan ní Pákátà lọ de ẹ̀gbọ́n ìyàwó ara rẹ̀ lókùn lóru, nítorí ìpàdé Tálákà Parapọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó di fìtílà mú fún un lọ́nà, ló sọ ọ́.”

Dógarì, ọlọ́pàá ààfin ọba, ni bàbá ìyá mi. Gbogbo wa la mọ̀, a máa ń fi yangàn. Láti kékeré ni mo sì ti mọ̀ pé àwọn ará ilé ìyá àgbà mi kì í jẹun nílé wa. Bí wọ́n bá wá sí ìsìnkú, wọn á dúró síta, wọn á ṣàdúrà, wọn á máa lọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Ìyá mi tó di fìtílà mú, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà náà, ọgọ́ta ọdún ló fi gbé e mì kó tó sọ ọ́ fún àjèjì tó gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀.

Mo tẹ gbólóhùn náà. Mo fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni a ń tẹ ẹ̀dà ìkẹyìn fún dídì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìjọba wó Ilé Arúgbó, níbi tí àwọn arúgbó ti máa ń péjọ sọ́dọ̀ ìdílé Saraki fún oúnjẹ àti owó. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ Kọ́múrèèdì ń fi fọ́tò ayọ̀ ránṣẹ́. Òun gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, ó lọ jókòó ti àwọn ìyá arúgbó níbi àlàpà, ó ń bi wọ́n ohun tí wọ́n máa jẹ. Nítorí náà kò sí nítòsí. Èmi nìkan ni mo wà níwájú kọ̀ǹpútà. Mo dé ojú ìwé 87. Mo fi ọwọ́ ara mi pa gbólóhùn náà rẹ́, mo sún àwọn ìlà ìsàlẹ̀ sókè kí àyè má baà hàn, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú fi èékánná fa ìlà. Ọ̀gá rẹ̀ fi báírò pupa. Tèmi kò fi àmì kankan sílẹ̀.

Ẹ̀dà márùn-ún ni mo dì fún un, èèpo búlúù, lẹ́tà wúrà. Ó san gbogbo owó rẹ̀, kò jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé mẹ́rin lọ sí yunifásítì, ó gbé ìkarùn-ún lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, ó gbé ìkarùn-ún yẹn wá, ó ní tèmi ni, ó ní kí n bá òun ki ìyá mi, ó sì yára lọ torí pé ó ní kíláàsì. Mo ṣí i sí ojú ìwé 87. Ní etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti sún ìlà sókè, ó ti fi báírò dúdú kọ gbólóhùn náà padà, ní lẹ́tà kéékèèké, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un.